Òrìṣà Funfun Tí Kò Wọ Àlà: Obìnrin àti Àwọ̀ Ara Nínú Sinimá Jámánì Kan ní Tógò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní ọdún 1913, àwọn àlejò kan gúnlẹ̀ sí Lomé ní ilẹ̀ Tógò, wọ́n sì gbé ojú kan dání kún èyí tí Ẹlẹ́dàá fún wọn. Kámẹ́rà ni ojú náà. Hans Schomburgk, ọmọ Jámánì tó jẹ́ ọdẹ àti arìnrìn-àjò, tó sì ti rin ilẹ̀ Áfíríkà jìnnà, ni olórí wọn. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Hodgson ni ó ń yí kámẹ́rà. Òṣèrébìnrin kan láti ìlú Hamburg, Meg Gehrts, náà wà láàrin wọn.

Iṣẹ́ méjì ni wọ́n bá dé. Èkíní ni pé kí wọ́n ya àwòrán ìgbé ayé àwọn ará Tógò, kí àwọn ará Yúróòpù lè máa fi ṣe ìran wò. Èkejì ni pé kí wọ́n ṣe àwọn eré àtinúdá tí obìnrin òyìnbó yóò jẹ́ òṣèré pàtàkì inú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn eré náà ni Die weiße Göttin der Wangora, èyí tí a lè pè ní Òrìṣà Funfun Àwọn Wangora. Sinimá aláìlóhùn ni, gẹ́gẹ́ bí sinimá ayé ìgbà náà ti rí: àwòrán ń rìn, ètè ń mì, ṣùgbọ́n etí kò gbọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀, nínú sinimá tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ohùn yìí, àwọn kan yadi ju àwọn mìíràn lọ.

Ìtàn inú eré náà kò lọ́jú pọ̀. Ọkọ̀ rì, òkun sì gbé ọmọbìnrin òyìnbó kan jù sí etí ilẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà rí i, wọ́n gbé e, wọ́n tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà tí wọ́n ń bọ. Nígbà tó yá, ọkùnrin òyìnbó kan dé ibẹ̀. Ìfẹ́ wọ àárín àwọn méjèèjì, òrìṣà sì bá a sá lọ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó tọ́ ọ.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn yìí yóò rí i pé ipò mẹ́ta péré ni ó pín fún ẹ̀dá. Obìnrin òyìnbó ni gbogbo ojú ń wò. Ọkùnrin òyìnbó ni olùdáǹdè. Àwọn èèyàn dúdú, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni èrò tó yí àwọn méjèèjì ká. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọwọ́ kì í dá tọ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan ní láti fún ọmọ tí òkun gbé jù sílẹ̀ náà lóúnjẹ. Ẹnì kan ní láti pọ̀n ọ́n, kí ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kí ó sì kọ́ ọ ní èdè tí yóò máa fi pàṣẹ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Obìnrin dúdú nìkan ni ìtàn náà lè gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Àmọ́, ìtàn tí wọ́n rò fáyé gbọ́ kò dúró ti ìyá yìí. Ọjọ́ tí ọmọ di òrìṣà ni alágbàtọ́ ti di ẹni ìgbàgbé.

Orúkọ eré náà fúnra rẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò ní etí ọmọ Yorùbá. Òrìṣà funfun kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Ọbàtálá ni olórí àwọn òrìṣà funfun, aṣọ àlà sì ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ẹfun, ìgbín àti omi tí kò ní àbàwọ́n jẹ́ ohun ètùtù wọn. Funfun yẹn ń sọ nípa ìwà mímọ́, sùúrù àti àìlábòsí. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọ̀ ara. Babaláàṣà tó dúdú bí kóró iṣin, tó wọ àlà, ti wọ aṣọ òrìṣà funfun. Funfun tí sinimá Jámánì yìí mú wá yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ náà kò ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan kí ó tó di ẹni àkúnlẹ̀bọ. Awọ ara rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà kò jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá. Kamina, ní ẹ̀bá ìlú Atakpamé, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n dó sí. Àwọn Ifẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana wà ní Atakpamé títí di òní. Ọmọ ìyá ni èdè wọn àti èdè Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun wọn. Ní Kamina yìí kan náà ni Jámánì ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kan tí yóò máa bá ìlú Nauen, nítòsí Berlin, sọ̀rọ̀ láìsí okùn. Anton Codelli, ọ̀tọ̀kùlú kan láti Ljubljana, ni ó ń darí iṣẹ́ rédíò náà fún ilé-iṣẹ́ Telefunken, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú sinimá òrìṣà funfun yìí pẹ̀lú. Ọwọ́ tó ń kọ́ ẹ̀rọ tí Jámánì yóò fi máa pàṣẹ láti òkèèrè náà ni ó ń ṣèrànwọ́ láti ya àwòrán tí yóò fi hàn pé ó tọ́ kí ó máa pàṣẹ.

Nítorí ìjọba ni gbilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1884 ni Jámánì ti gba Tógò. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ń san owó orí, wọ́n ń fi ipá kó wọn ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, pàṣán sì ni ìjìyà tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìjọba náà. Nígbà tí àwọn onísinimá kúrò ní ibi tí ọkọ̀ ojú irin parí sí, tí wọ́n gba ọ̀nà àríwá lọ sí Sókódé àti síwájú sí i, orí àwọn aláàárù ni ẹrù wọn wà. Kò sí àwòrán kan tí ìbá dé Yúróòpù bí kò bá sí ọrùn àwọn èèyàn yìí.

Orúkọ Wangora pàápàá ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó jọ Wangara, orúkọ tí gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà mọ̀ mọ́ àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tí wọ́n ń gbé obì, wúrà àti aṣọ láti ìlú dé ìlú láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìsìláàmù ti wọ agbègbè Sókódé láti ọwọ́ irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ kí Jámánì tó dé. Àwọn Tem, tí a mọ̀ sí Kotokoli, ní ọba, wọ́n ní ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì ní ọjà tó lókìkí. Ilẹ̀ tó ní ọba, tó ní àwọn tó mọ̀wé Lárúbáwá, ni sinimá gbé orúkọ tó jọ ti àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí wọ̀, tó sì fi hàn bí igbó tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń dúró de ọmọ òyìnbó kan láti fi ṣe òrìṣà. Àlejò lójú lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbé gbogbo ẹ̀bi ka Meg Gehrts lórí. Nínú eré, òun ni òrìṣà. Nínú iṣẹ́, abẹ́ àṣẹ ni ó wà. Ọkùnrin ló ń darí rẹ̀, ọkùnrin ló ń ya á, ọkùnrin ló sì ń pinnu ohun tí yóò wọ̀ àti ibi tí yóò dúró sí. Ní ọdún tí wọ́n ń bọ ọ́ nínú sinimá yẹn, òfin Jámánì kò gba obìnrin láàyè láti dìbò. Oṣù Kọkànlá ọdún 1918 ni ẹ̀tọ́ náà tó dé. Obìnrin tí kò lè yan aṣòfin ní Hamburg ni wọ́n gbé gun orí ìtẹ́ ní Tógò. Ìtẹ́ orí àwòrán kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Gehrts ṣe ohun kan tí sinimá kò ṣe: ó kọ̀wé. Ní ọdún 1915, nígbà tí Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá ara wọn jagun, ìwé rẹ̀, A Camera Actress in the Wilds of Togoland, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Èrò ìgbà náà kún inú rẹ̀; kò jáwọ́ nínú ìgbàgbọ́ pé àwọn òyìnbó ló ga jù. Síbẹ̀, níwọ̀n bó ti jẹ́ obìnrin, ó wo iṣẹ́ àwọn obìnrin, ọmọ títọ́ wọn àti ìgbé ayé agboolé wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé náà, àwọn obìnrin Tógò ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n sì ń tọ́jú ilé. Obìnrin kan náà ló gbé ayé inú sinimá àti ti inú ìwé. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó di ohun èlò náà mú.

Ogun ló ká aṣọ ìjọba Jámánì kúrò ní Tógò. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ rédíò Kamina jẹ́ kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Àdéhùn Versailles ti ọdún 1919 sì gba gbogbo ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní òkèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwòrán kò lọ. Lọ́dún 1919 yẹn kan náà, Joe May bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Die Herrin der Welt jáde, sinimá alápá mẹ́jọ tí Mia May, aya rẹ̀, jẹ́ òṣèré àkọ́kọ́ inú rẹ̀. Ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀ ni Olúwabìnrin Ayé. Ìrìn àjò rẹ̀ gba Ṣáínà kọjá dé Áfíríkà, ṣùgbọ́n Woltersdorf, nítòsí Berlin, ni wọ́n ti kọ́ àwọn ìlú wọ̀nyẹn. Áfíríkà tí wọn kò ní mọ́ ni wọ́n fi igi àti ọ̀dà mọ sí ẹ̀yìnkùlé ara wọn. Obìnrin òyìnbó tún ni ó jókòó sí àárín rẹ̀.

Ta wá ni ó ń ṣe ipa àwọn èèyàn dúdú nínú irú sinimá bẹ́ẹ̀ ní Berlin? Àwọn òyìnbó tó fi dúdú kun ara wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà gidi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Louis Brody, ọmọ Douala ní Kamẹrúùnù, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Mpessa. Ó ṣeré nínú Der müde Tod tí Fritz Lang darí ní ọdún 1921, àti nínú ọ̀pọ̀ sinimá mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ tàbí àjèjì tí kò ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí sinimá sọ di odi ní ohùn níta. Ní ọdún 1921 yẹn, nígbà tí ìpolongo ìkórìíra sí àwọn ọmọ ogun dúdú tí Faransé kó wá sí Jámánì ń jà ràn-ìn, Brody gbé ọ̀rọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Berlin lórúkọ ẹgbẹ́ ìrànwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Ó ní kí àwọn ará Jámánì má fi ìbínú ìṣèlú wọn fìyà jẹ àwọn èèyàn dúdú tó ń gbé láàrin wọn.

Àwọn obìnrin ilẹ̀ Jámánì náà kò bọ́. Nínú Metropolis, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1927, Brigitte Helm ló ṣe Maria tó jẹ́ ẹni mímọ́, òun náà ló sì ṣe ẹ̀rọ tó gbé àwọ̀ Maria wọ̀ láti ba ìlú jẹ́. Obìnrin, Thea von Harbou, ló kọ ìtàn náà. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn méjì péré ló ṣí fún obìnrin: kí ó jẹ́ ẹni àkúnlẹ̀bọ tàbí kí ó jẹ́ ẹni àjósun. Ará Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Ní ọdún 1926, Geoffrey Barkas ya sinimá aláìlóhùn kan tó ń jẹ́ Palaver ní agbègbè òkè Jos ní Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan ni ọkùnrin òyìnbó méjì ń du nínú rẹ̀; àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe ogun àti ariwo.

Ohun tó pa gbogbo àwọn sinimá yìí pọ̀ ni èrò kan: pé bí obìnrin yóò bá jókòó sórí ìtẹ́ ní Áfíríkà, àfi kí ó ti òkun wá. Ìtàn ìlú Oǹdó já èrò náà ní koro. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Oǹdó sọ pé obìnrin ni ọba wọn àkọ́kọ́. Púpùpú ni orúkọ rẹ̀. Ìbejì ni, nígbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, wọ́n sì rán òun àti ìyá rẹ̀ jáde kúrò ní ààfin dípò kí wọ́n pa á. Ìyàlẹ́nu tó bá àwọn èèyàn nípa ìbí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó di orúkọ oyè Ọ̀ṣemàwé títí di òní. Áírò ọmọ rẹ̀ ló jọba tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin ló sì ń jẹ ẹ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìlú kò gbàgbé gbèsè tó jẹ obìnrin. Lóbùn, tí wọ́n ń pè ní ọba obìnrin, wà ní Oǹdó; ọjà wà níkàáwọ́ rẹ̀, a kò sì lè fi Ọ̀ṣemàwé jẹ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Bákan náà ni ní Àkúrẹ́. Bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe Adelé. Yóò múra bí ọba ọkùnrin, yóò dé oyè, yóò gbọ́ ẹjọ́, àwọn ìjòyè yóò sì wólẹ̀ fún un títí tí Déjì tuntun yóò fi gorí ìtẹ́. Ẹnikẹ́ni lè ní àkókò kúkúrú ni, òótọ́ sì ni. Ó tún jẹ́ òótọ́ pé nígbà tí wọ́n ń ya òrìṣà funfun ní Tógò, àṣà tó ń gbé obìnrin dúdú ka ìtẹ́ ọba wà láàyè ní ilẹ̀ tí ìrìn àjò rẹ̀ kò pọ̀ sí ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Kámẹ́rà náà kò rí i nítorí pé kò wá a.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó àti òrìṣà ní ojú mìíràn lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1950, Susanne Wenger, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Austria tí èdè Jámánì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, dé Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó bọ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Òun ló kúnlẹ̀. Ó di ọmọ ẹ̀kọ́ lábẹ́ àwọn àwòrò, ó gba orúkọ Àdùnní Olórìṣà, ó sì bá àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, igbó tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Òṣogbo ló sùn sí ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Òrìṣà inú sinimá sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó tọ́ ọ. Àdùnní dúró ti àwọn tó kọ́ ọ.

Ó rọrùn láti dá Schomburgk lẹ́jọ́ kí a sì sùn. Àmọ́ kámẹ́rà ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́tipẹ́, a sì gbọ́dọ̀ bi ara wa ní ohun tí a fi yà. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní ọdún 1874. Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní ọdún 1970, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká fún ìran wa, gẹ́gẹ́ bí òǹrorò tí kò ṣàánú ẹrú. Àkọsílẹ̀ ìtàn tún ní apá mìíràn: ó jẹ́ oníṣòwò ńlá tó kọ̀ láti máa fi ohun ìjà àti ọmọ ogun ṣètìlẹ́yìn fún ogun Ààrẹ Látòósà, Ààrẹ sì rọ̀ ọ́ lóyè nítorí rẹ̀. Bọ́láńlé Awẹ́ ti kọ̀wé lórí ipò Ìyálóde nínú ìṣèlú Yorùbá kí àwọn èèyàn lè mọ̀ bí agbára oyè náà ti pọ̀ tó. Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti yan apá tí yóò kọ. Ewu ibẹ̀ ni pé kí apá kan ṣoṣo máa wà lójú agbo. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ṣì ń fún obìnrin ní ilẹ̀kùn méjì tí Metropolis ṣí yẹn: ìyá rere tó ń sunkún, tàbí àjẹ́ tó ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọ̀ aláwọ̀ funfun tí ìpara bíbó ara ń tà fún àwọn ọmọbìnrin wa lójoojúmọ́ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀gbọ́n àbúrò òrìṣà Wangora.

Lónìí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ní kámẹ́rà nínú fóònù rẹ̀ tó dára ju èyí tí Hodgson yí ní Tógò lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Kò nílò aláàárù kankan láti gbé e, kò sì nílò àṣẹ gómìnà Jámánì. Ààfin Déjì kò jìnnà sí i, ọ̀nà Oǹdó sì là. Ìtàn Púpùpú wà níbẹ̀, ti Lóbùn wà níbẹ̀, ti àwọn Adelé wà níbẹ̀. Ti obìnrin aláìlórúkọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó rí ọmọ ọlọ́mọ ní etí òkun, tó gbé e pọ̀n, tó sì tọ́ ọ, tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1913. Ó ti tó àkókò kí ẹnì kan bi í.